Ogbó Kọ́ Ló Ń Pa Amòòkùn

Ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní tòkunbọ̀, "home used" ni wọ́n ń pè é ní Accra. Láti Adabraka tí mo ń gbé, kí ènìyàn tó fẹsẹ̀ rìn dé Circle, yóò ti rí fóònù, áyọ́ọ̀nù, kẹ̀kẹ́, bàtà àti ẹ̀rọ ìlọta tí ẹlòmíràn ti lò rí nílùú òyìnbó. Láìpẹ́ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan mìíràn láàárín wọn: régúlétọ̀ àwọn amòòkùn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ẹni tó wọ ìsàlẹ̀ omi lọ máa ń fi sẹ́nu kó lè mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tó gbé sẹ́yìn. Ohun tó ti òkè òkun bọ̀ ni, ó sì tún fẹ́ padà sínú òkun. Ẹ̀mí ènìyàn ni yóò gbé dání nígbà tó bá ń padà.

Kì í ṣe àwọn olówó tó ń ṣe fàájì nìkan ló nílò rẹ̀. Iṣẹ́ wà lábẹ́ omi wa. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọ ìdí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń gúnlẹ̀ ní Tema àti Takoradi. Nígbà tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo ní ọdún 1965, omi bo igbó mọ́lẹ̀. Kùkùté àwọn igi wọ̀nyẹn ṣì ń gbá àwọ̀n apẹja mú. Lọ́dún 2003, Gregory Cook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọkọ̀ kan tó ti rì láyé òwò ẹrú nínú òkun tó kọjú sí Elmina, àwọn amòòkùn ló sì kó ẹrù idẹ inú rẹ̀ jáde.

Nígbàkígbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ régúlétọ̀ àlòkù sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní kí ìjọba fòfin dè é, bí wọ́n ṣe ti ẹnu ibodè pa mọ́ fíríìjì àlòkù láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2013. Àwọn kejì á ní, "Bó bá ṣáà ti ń gbé afẹ́fẹ́ jáde, kí ló kù?" N kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Fíríìjì tó ti gbó ń jẹ iná, gáàsì inú rẹ̀ sì ń ba òfuurufú jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi lé e yé mi. Ti régúlétọ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe ogbó rẹ̀ ló ń pa amòòkùn, bí kò ṣe àìsí ẹni tó mọ inú rẹ̀ nítòsí.

Ìlú Ọba ni mo ti kọ́ ìmòòkùn, nígbà tí mo ń kàwé gboyè másítà. Nínú ẹgbẹ́ tí mo bá wọn ṣe, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ abẹ́ BSAC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953, àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀ tí régúlétọ̀ wọn jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Wọn kì í fi ṣe ọ̀ṣọ́ o. Wọ́n ń gbé e wọ omi, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tú u palẹ̀ lórí tábìlì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí aṣọ funfun, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa ìrẹsì.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe kò díjú. Bí sílíńdà bá kún, agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń tó 200 bar, ó sún mọ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti inú táyà ọkọ̀. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gbà á bẹ́ẹ̀. Apá kìíní régúlétọ̀, tí wọ́n dè mọ́ ọrùn sílíńdà, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bí bar mẹ́wàá ju agbára omi tó yí amòòkùn ká. Apá kejì, tó wà lẹ́nu, á wá tún un dín kù títí yóò fi bá agbára omi náà dọ́gba, torí pé gbogbo mítà mẹ́wàá tí a bá sọ̀ kalẹ̀, bar kan ni omi ń fi kún ẹrù rẹ̀ lára wa.

Ní 1943, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ Faransé, tí epo pẹtiróòlù sì wọ́n, ẹ̀rọ tí Émile Gagnan ṣe kí ọkọ̀ lè máa fi gáàsì rìn ni òun àti Jacques-Yves Cousteau, ọ̀gágun ojú omi, tún ṣe di ti amòòkùn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń fi gáàsì dáná ní Adabraka, tàbí tó ń wọ takisí tó ń lo gáàsì, ìbátan ẹ̀rọ yìí ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Idẹ ni ara rẹ̀, tí wọ́n fi irin dídán bò. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé idẹ àti omi ń bára gbé. Ẹ bi àwọn olùsìn Ọ̀ṣun. Idẹ Mk5 tí Scubapro gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1970, tàbí ti Conshelf tí U.S. Divers ṣe, lè wà bó ṣe wà dòní bí wọ́n bá ń fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan án lẹ́yìn gbogbo ìmòòkùn. Ohun tó ń gbó ni rọ́bà àti ike: àwọn òrùka rọ́bà inú rẹ̀, awọ rọ́bà tó ń mọ̀ pé a fẹ́ mí, ìdérí pẹlẹbẹ tí èémí wa ń gbà jáde, họ́ọ̀sì, àti ike kékeré tí fáàfù ń jókòó lé. Bí ènìyàn kò tilẹ̀ lò ó, oòrùn àti ooru ilẹ̀ wa yóò ṣiṣẹ́ lára wọn nínú búùtù ọkọ̀.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí gbọ́n. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, bí ike ìjókòó fáàfù bá jẹ, ṣe ni afẹ́fẹ́ yóò máa ya jáde, kò ní sé. Amòòkùn yóò gbọ́ ariwo rẹ̀, yóò sì gòkè bọ̀ jẹ́jẹ́. Ohun tó léwu ni èyí tí kì í pariwo: awọ tó lu, tí yóò máa fún ni lómi mu pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, asẹ́ tó ti dí, tó jẹ́ pé òkè ni ènìyàn ti ń mí dáadáa, tí èémí á wá di iṣẹ́ ńlá nísàlẹ̀.

Àbúrò kan ní àdúgbò wa, tó ń bá àwọn tó ń fọ ìdí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ní Tema, gbé ọ̀kan tó rà wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, ó ń mí dáadáa." Mo ní kó dé ẹnu ibi tó ń wọ sílíńdà pa, kó fi ẹnu sí i, kó sì fà á. Afẹ́fẹ́ wọlé. Kò yẹ kó wọlé rárá, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé ní Adabraka, omi ni yóò gbà á wọlé ní Tema. A tú u. Ìdérí ibi tí èémí ń gbà jáde ti ká kò, kò sì lè tẹ́ mọ́. Asẹ́ ẹnu rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, àmì pé omi òkun ti wọ inú rẹ̀ rí. Nígbà tí a ṣírò owó ohun ìpààrọ̀ àti owó ìfiránṣẹ́ láti òkè òkun, ó di ìlọ́po mẹ́ta iye tó rà á. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni régúlétọ̀ náà wà dòní, inú mi sì dùn pé ibẹ̀ ló wà.

Ìdánwò fífà yẹn kì í náni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ rọ́bà, ó yẹ kí wọ́n fi géèjì wọn agbára tó ń jáde lápá kìíní. Kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ síbi tó yẹ, kó sì dúró. Bó bá ń rá gòkè díẹ̀díẹ̀, ìjókòó fáàfù ti jẹ nìyẹn. Ó tún yẹ ká wò ó bóyá ó ní ihò tí a lè so géèjì sílíńdà mọ́, àti òmíràn fún ẹnu kejì tí a fi ń gba ẹlòmíràn là; ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láyé ọjọ́un kò ní wọn. Ẹ má sì gbàgbé pé régúlétọ̀ kì í fọ afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí fọ́kánáísà fi ń fún táyà ni wọ́n fi kún sílíńdà, èéfín àti òróró ni amòòkùn yóò mí, ì báà fi régúlétọ̀ tuntun mí i.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní mẹkáníìkì wa lè tún ohun gbogbo ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ àwọn ará Kokompe àti Abossey Okai. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe bá kú lójú ọ̀nà, ènìyàn á bọ́ sílẹ̀, á tì í. Ta ni yóò bọ́ sílẹ̀ ní ogún mítà lábẹ́ omi? Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe régúlétọ̀ náà sì ní ẹ̀bi tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ta ohun ìpààrọ̀ fún ẹni tí wọn kò bá fún ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní ààbò ni. Ó lè jẹ́ ààbò níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ìlú. Níbi tó bá ti ṣọ̀wọ́n, ohun tí òfin yẹn ń bí ni kí ènìyàn máa lò ó láìtún un ṣe.

A ti rí ibi tí irú rẹ̀ ń já sí. Ní Honduras, àwọn ọmọ Miskito ń mòòkùn wá edé ńlá tí wọ́n ń tà sókè òkun. Wọn kò kọ́ wọn dáadáa, ohun èlò wọn kò dára, àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ sì ń tì wọ́n wọ omi ṣáá. Àwọn kan kú, ẹsẹ̀ àwọn kan rọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ wọn, Honduras sì gbà pé òun jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó dá régúlétọ̀ lẹ́bi nínú ẹjọ́ náà. Àwọn tó yẹ kó mójú tó ìlera àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ bá wí.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Regional Maritime University wà ní Nungua, kò jìnnà sí Tema, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sì ni ín. Ẹ jẹ́ kí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní yàrá kan, géèjì kan, àti ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ tí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ irin yóò fi gbàwé ẹ̀rí títún régúlétọ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbaṣẹ́ ìdí ọkọ̀ fífọ̀ pawọ́ pọ̀ ra ohun ìpààrọ̀, kí owó ìfiránṣẹ́ má bàa dá lé ọmọ kan lórí. Kí òfin sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá rán ènìyàn wọ omi ló ni ẹrù ìtọ́jú ohun tí onítọ̀hún fi ń mí.

Àwọn àgbà àdúgbò ní inú "albarka", tí àwa ń pè ní àlùbáríkà, ni orúkọ Adabraka ti jáde. Àlùbáríkà wà nínú ohun àlòkù, n kò ní sẹ́ ẹ. Òun ló wọ aṣọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó régúlétọ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa tú u palẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan dá, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.