ỌDÚN KAN PÉRÉ? Ẹ SỌ ỌJỌ́ TẸ́ Ẹ Ń PADÀ BỌ̀

Ọ̀rọ̀ òní lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ẹ kà á tán ná kẹ́ ẹ tó bínú sí wa.

Àwọn ọmọ wa ń kó pásípọ́ọ̀tì wá síwájú pẹpẹ ní Gàmbàrí níbí. "Daddy, ẹ gbàdúrà sí i." Ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nílé-ìwé. Ọmọ tó wà ní 200 level ní Unilorin á ní òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan péré, òun á lọ sókè òkun, òun á ṣiṣẹ́ díẹ̀, òun á sì padà wá parí. Gap year ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ á ti máa ṣe àmín lẹ́yìn kí a tó lanu.

A mọ ohun tó ń lé wọn o. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó jókòó sílé láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ti lo gap year tí kò bèèrè. A ò sì bá ìrìn àjò jà. "Péré" yẹn là ń bá jà.

Àṣà àwọn ọmọ Bìrìtéènì ni nǹkan yìí. Ọmọ wọn tó bá ń lọ, yunifásítì ti gbà á, wọ́n sì bá a di àyè rẹ̀ mú títí ọdún á fi yí po. Ìjọba wọn tilẹ̀ ní físà fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ mìíràn tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì rìn kiri, Youth Mobility Scheme lorúkọ rẹ̀. Australia wà níbẹ̀, Kánádà wà níbẹ̀, Japan wà níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Kí ló wá kù fún ọmọ tiwa? Físà akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó gba ìyẹn, ẹ̀kọ́ ló ní òun ń lọ kọ́, iṣẹ́ tó sì lè ṣe lásìkò ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ sinmi ilé-ìwé ní Ìlọrin á wá lọ máa san owó ilé-ìwé ní pọ́n-ùn. Ìsinmi wo nìyẹn?

Èyí tí Lọ́ńdọ̀nù bá dí mọ́, ejẹ́ńtì á ní kó máa lọ sí Northern Cyprus. Orílẹ̀-èdè Tọ́kì nìkan ló ka ibẹ̀ sí ìjọba láyé yìí, ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ò sì sí níbẹ̀. Abike Dabiri-Erewa, olórí NiDCOM, kìlọ̀ fún àwọn òbí ní 2020 pé kí wọ́n yéé rán ọmọ lọ. Ọmọ kan tí a mọ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀. Owó sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà gbé, èkejì ò rí san, abọ́ ló ń fọ̀ báyìí. Ọdún kan péré yẹn ti di mẹ́ta. Nílé níbí ńkọ́? Kò kọ lẹ́tà kankan sílẹ̀ kó tó lọ, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í jókòó síwájú mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Jámánì ní ètò au pair: ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 27 á gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan, á bá wọn tọ́jú ọmọ, á máa kọ́ èdè wọn, kò sì ní ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èdè Jámánì díẹ̀ kó tó gba físà. Nínú gbogbo ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tì wá bá wa, a ò tíì rí ẹyọ kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ni lédè Jámánì. Àdúrà ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ìwé kíkà.

Ẹ má bínú, àáfáà la fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ; Ìlọrin kúkú la wà. Sheikh Adam Abdullah al-Ilory lọ sí Íjíbítì ní 1946, ó mọ ohun tó ń wá lọ, ó sì padà. Ní 1952 ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ilé-ìwé náà ṣì wà títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìrìn ìgbàgbọ́ lẹ ń rìn, kí lẹ ń lọ mú bọ̀?

Àwọn wòlíì tó ń rí bàálù fún gbogbo ọmọ tó bá mú àpòòwé ọrẹ wá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ṣé 300 level kì í hàn nínú ìran yín ni? Ọmọ gba físà, ìlù á fẹ́ẹ̀ ya. Ọmọ ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀, ẹ ní "Olúwa ṣeun," ẹ kọjá.

Jésù sọ nínú Luku 14 nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ láì kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Nítorí náà, láti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, a ò ní gbọ́wọ́ lé pásípọ́ọ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí kò bá mú lẹ́tà ilé-ìwé rẹ̀ dání, èyí tó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ó ń lọ, àti ìgbà tó máa padà. Kó tún sọ ẹni tó máa gbà á sílé níbẹ̀, àti ibi tówó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá rò pé a ti le jù, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn pọ̀ ní Ìlọrin. Ẹni tó bá ní lẹ́tà náà, kó mú un wá sí vigil ọjọ́ Ẹtì. A ó dúró tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́.