Kì í ṣe gbogbo ríìmù tó ń dán ló dá ṣáṣá

Ká sọ òótọ́ síra wa: ríìmù tó mọ́ máa ń buyì kún ọkọ̀. Ẹ mú Camry tí à ń pè ní Muscle, tó ti jẹ títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kun ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní dúdú tàbí àwọ̀ eérú, ẹ fọ táyà rẹ̀ kó mọ́, ẹ ó rí i pé àwọn ará àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ìgbà wo lẹ ra ọkọ̀ tuntun. Owó ọkọ̀ tuntun ò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Kí wá ló burú nínú kéèyàn fi owó kékeré ra ojú tuntun fún èyí tó wà ńlẹ̀? Fáàrí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá sọ pé kẹ́ ẹ má kun ríìmù mọ́. Ohun tó ká mi lára ni ohun tí ọ̀dà yẹn ń bò. Níbi tí wọ́n ti ń ta ríìmù tòkunbọ̀, yálà ní Ládípọ̀ ní Muṣin tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ èyí tó dá ṣáṣá yàtọ̀ sí èyí tó ti sán rí, tí wọ́n jó pọ̀, tí wọ́n fi bọ́dì fílà dí, tí wọ́n wá fọ́n ọ̀dà lé lórí. Méjèèjì ló ń dán gbinrin. Méjèèjì ló jọ ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Àwọn olóòótọ́ pọ̀ nínú ọjà, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í sọ irú ẹni tó kùn ún.

Èrò tèmi rèé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e yẹ̀ wò: pẹ́ńtà lẹni tó rí ríìmù níhòòhò kẹ́yìn. Bó bá ti fọ́n práímà sí i báyìí, kò sẹ́ni tó tún máa rí ara irin yẹn mọ́, àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé iṣẹ́ pẹ́ńtà kọjá àwọ̀. Ó yẹ kó lè wo ojú oníbàárà kó ní, "Ọ̀gá, èyí ò ṣeé kùn o."

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Oríṣi ríìmù méjì ló wọ́pọ̀ lójú títì wa. Àkọ́kọ́ ni ríìmù irin, èyí tó sábà máa ń dúdú, tí wọ́n máa ń fi ìdérí oníke bò lójú. Èkejì ni alloy, aluminíọ́ọ̀mù tí wọ́n po silicon àti magnesium díẹ̀ mọ́. Bí ríìmù irin bá já sí kòtò, ó sábà máa ń tẹ̀ ni, ẹ ó sì fojú rí i pé ó tẹ̀. Alloy náà lè tẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún lè sán, ojú ibi tó ti sán sì lè tín-ín-rín bí irun orí. Ibi tó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ inú, lọ́hùn-ún tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹni tó dúró síta ò lè rí.

Ibí yìí gan-an ni fídíò YouTube ti ń ṣì wá lọ́nà. Ọ̀pọ̀ fídíò tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ríìmù, ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tó sábà máa ń ba ríìmù jẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ títì: onímọ́tò fẹ́ páàkì, ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ jù, ríìmù fara ha kọnkéré. Ara rẹ̀ bó, ẹwà rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n á fi sáńpépà ha á, wọ́n á fi fílà díẹ̀ dí ibi tó bó, wọ́n á kùn ún, ó parí.

Tiwa ńkọ́? Kòtò ló ń lu ríìmù tiwa. Ẹ ń bọ̀ lálẹ́, omi òjò ti kún ojú títì, ẹ ò mọ bí kòtò yẹn ṣe jìn tó, ẹ kàn gbọ́ gbàù! Ohun tí kòtò bá ṣe fún ríìmù ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹni tó bá wá gbé oògùn ara bíbó lọ lo fún eegun tó ṣẹ́, ṣé ó ti tọ́jú aláìsàn? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ríìmù tó sán kì í dákẹ́, ó máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti rọ̀. Ẹ gbé e lọ fún fọkanáísà, ó wá ìṣó títí, kò rí ìṣó. Dípò kí wọ́n wá ibi tí ríìmù ti ń jò, ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á ki túùbù bọ inú táyà tí kò yẹ kó ní túùbù. Atẹ́gùn ò lọ mọ́, ara tu onímọ́tò. Ṣùgbọ́n ríìmù ò tíì san o, ẹnu rẹ̀ lẹ dí. Bẹ́ ẹ bá tún wá gbé e fún pẹ́ńtà, ẹ ti da aṣọ bò ó nìyẹn. Ó di ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ wà lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, orí ibi tó sán yẹn sì ni ìdá mẹ́rin ẹrù náà wà.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà ńbẹ̀. Agbára tí alloy ní, iná àti omi ni wọ́n sábà fi ń fún un nílé iṣẹ́ tó ti wá. Wọ́n á mú un gbóná dé ìwọ̀n kan, wọ́n á mú un tutù lójijì, wọ́n á tún rọra mú un gbóná níwọ̀nba. Ẹni tó bá wá gbé iná gáàsì lé e láti jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò, tàbí tó ń yan án kó lè rí fi òòlù lu ibi tó tẹ̀, lè ba agbára yẹn jẹ́ láìmọ̀. Ojú kì í rí i. Ríìmù náà á ṣì máa dán.

Ẹ ti gbọ́ nípa ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní powder coating, àbí? Wọ́n á fọ́n ìyẹ̀fun ọ̀dà sára ríìmù, wọ́n á wá yan án nínú ààrò, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 180 sí 200 lórí ìwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni, ó sì máa ń tọ́jọ́ ju ti agolo tí a ń tẹ̀ fọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ààrò náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Bó bá jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n, bí ẹni tó ń sun àgbàdo, ẹ gbé ríìmù yín, ẹ máa lọ sílé.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ pàápàá lè di wàhálà bó bá dé ibi tí kò yẹ. Ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, àti ẹ̀yìn ríìmù tó ń fara kan họ́ọ̀bù, irin lórí irin ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ọ̀dà bá nípọn níbẹ̀, nọ́ọ̀tì á dà bíi pé ó ti fún. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀, tí ọ̀dà yẹn fọ́ tàbí tó tẹ̀ wọlé, nọ́ọ̀tì á dẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń fi téèpù bo ibẹ̀ kó tó fọ́n ohunkóhun, ó sì máa sọ fún yín pé bẹ́ ẹ bá ti rin 50 sí 100 kìlómítà, kẹ́ ẹ tún fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì yín wò. Á tún ní kẹ́ ẹ lọ ṣe bálánsìn, torí àwọn òjé kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ríìmù máa ń já dànù nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Kí ìjọba kọ́kọ́ tún títì ṣe ná." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì fara mọ́ ọn. Títì tó dáa ni ẹ̀tọ́ wa. Àmọ́ kòtò tó wà níwájú ilé yín ò ní dúró de ìjọba kó tó lu ríìmù yín lálẹ́ òní. Kí títì tó dáa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa ni a lè ṣọ́.

Ẹlòmíì á ní, "Owó dà?" Ìyẹn náà dùn mí, torí owó ló ń sún ọ̀pọ̀ èèyàn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹni tí kò rí owó alloy gidi, kó ra ríìmù irin tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu: iye ihò nọ́ọ̀tì kan náà, ìwọ̀n kan náà, èyí tí kò ní máa ha bíréèkì. Kó kùn ún ní dúdú, kó wá ìdérí tó wù ú bò ó. Ó lè má gba "like" púpọ̀ lórí Instagram, àmọ́ yóò gbé e délé. Ríìmù irin tó dá ṣáṣá sàn ju alloy olówó ńlá tó ti sán lọ.

Èyí tó le jù ni ti pẹ́ńtà tó máa ní, "Àwọ̀ ni wọ́n pè mí wá kùn. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ẹlòmíì á gbà á." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo fọkanáísà. Bí táyà bá bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn kò ní lẹ̀ ẹ́ fún yín. Á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ lọ ra òmíràn." Ẹ lè kùn, ẹ lè fi ìbínú lọ, ṣùgbọ́n nínú ọkàn yín ẹ mọ̀ pé ẹni yẹn fẹ́ràn yín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa padà sí. Kí ló dé tí pẹ́ńtà ò lè ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Lókè òkun pàápàá, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kì í gbà láti jó ríìmù tó sán nítòsí ihò nọ́ọ̀tì tàbí lára àwọn apá tó na láti àárín rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, tẹ́ ẹ ń gbé "before" àti "after" sórí TikTok, iṣẹ́ yín dáa, ọwọ́ yín mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín la fẹ́ rí. Bẹ́ ẹ bá ti fọ ríìmù tán, tẹ́ ẹ ti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ ya inú rẹ̀ àti ìta rẹ̀ ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó fọ́n práímà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà á máa tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ tàbí ríìmù tòkunbọ̀, ọ̀dà tuntun lára ríìmù àtijọ́ yẹ kó mú yín béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ yí i, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ bálánsìn kó yí, bó bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti tẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i láti ilé iṣẹ́, irú bíi ìwọ̀n rẹ̀ tàbí JWL, àmì tí Japan fi ń ṣàfihàn ríìmù alloy tó bá ìlànà wọn mu. Bí fílà àti ọ̀dà bá ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ó kan àwọn ẹgbẹ́ náà. Àjọ FRSC ti wà láti ọdún 1988, wọ́n ń dá wa dúró nítorí táyà tó ti jẹ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú ẹ̀ṣọ́ ò lè rí abẹ́ ọ̀dà. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọkọ̀ bíi NATA ló lè sọ ọ́ di òfin láàárín ara wọn pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ kun ríìmù tó sán, àti pé èyí tí wọ́n bá ti jó rí, kí ẹni tó fẹ́ tà á sọ ọ́ síta. Kò gba owó ìjọba. Ìpàdé ọjọ́ kan ti tó o.

Ẹ kun ríìmù yín, àwọ̀ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ lò. Wúrà ni o, pupa ni o, dúdú ni o. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó yan àwọ̀, ẹ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá ti sán, kò sí àwọ̀ tó yẹ ẹ́.