Ẹni Tó Bá Dákẹ́ Nídìí Káàdì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí káàdì ni mo ti rí òdodo ọ̀rọ̀ yìí, ní ìlú Leicester, ní ọdún tí mo lọ kàwé sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bíríìjì ni orúkọ eré náà. Ènìyàn mẹ́rin ní í ta á, méjì dojú kọ méjì, káàdì 13 sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Harold Vanderbilt, ló tún un tò sí bí a ti ń ta á lónìí, nínú ọkọ̀ ojú omi, ní ọdún 1925. Kò dà bí ayò, níbi tí ọ̀ta méjèèjì ti ń rí gbogbo ọmọ ayò. Níhìn-ín, káàdì tiyín nìkan lẹ mọ̀. Ìpè lẹ fi ń bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀: ẹ ó sọ iye ìgbà tí ẹ rò pé ẹ lè kó káàdì nílẹ̀, àti àmì tí yóò jọba lórí ìyókù. Ẹni tó bá pe ìpele kẹta ti ṣèlérí àtikó ìgbà 9 nínú 13.

Nígbà mìíràn, alátakò yóò bẹ́ gìjà sórí ìpele kẹta lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ lágbára. Káàdì 7 ti àmì kan ló ní, ìyókù kò sì tó nǹkan. Ó fura pé ẹ̀yin lẹ ni ire, ló bá gbé igi dínà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìpè adínà ni mo máa ń pè é.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdíje ẹgbẹ́ wa parí, ìyá àgbà kan ni ẹnìkejì mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi odidi oṣù mẹ́fà kọ́ mi. Àwa la wà níwájú nígbà tó ku ọwọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi pe họ́ọ̀tì mẹ́ta. Mo wo ọwọ́ mi: sipéèdì mẹ́rin pẹ̀lú éèsì àti ayaba, họ́ọ̀tì ẹyọ kan péré, dáyámọ́ńdì mẹ́rin pẹ̀lú ọba àti jáàkì, kíláàbù mẹ́rin pẹ̀lú éèsì. Bí a bá ka éèsì sí 4, ọba sí 3, ayaba sí 2, jáàkì sí 1, máàkì 14 ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní n ó kọjá. Gbogbo wọn kọjá.

Ìgbà kan ni wọ́n fi kùnà, a gba 50. Nígbà tí a tẹ́ káàdì sílẹ̀, sipéèdì márùn-ún ló wà lọ́wọ́ ìyá, pẹ̀lú ọba àti jáàkì, àti ọba kíláàbù. À bá pe sipéèdì mẹ́rin, à bá mú un ṣẹ, à bá sì gba 420. Ife-ẹ̀yẹ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ìyá kò bínú. Ó béèrè ohun tí mo rò. Mo ní n kò mọ àmì tó yẹ kí n pè.

Ó ní, “Ìyẹn gan-an ló yẹ kí o sọ fún mi.”

Dọ́bù ni ìpè tí à ń fi sọ ọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ọwọ́ mi dára, àmì tiwọn kò pọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo lè gbárùkù ti èyíkéyìí nínú mẹ́ta yòókù, ìwọ ni kí o yàn. Máàkì 7 péré ni ìyá ní, pẹ̀lú họ́ọ̀tì mẹ́ta. Kò lè dá a sọ. Ẹni tí àmì alátakò kúrú lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹrù ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ní àmì tó gùn tó sì dára, márùn-ún tàbí mẹ́fà, pẹ̀lú ọwọ́ tó lágbára, ẹ pè é. Bí ẹ bá ní máàkì bíi 16 sókè, tí ẹ sì lè dá àmì tiwọn dúró, ẹ pe mẹ́ta láìsí àmì tó jọba. Bí àmì tiwọn bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ kọjá, ẹ ní sùúrù; bóyá ẹnìkejì yín ni yóò pe dọ́bù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọwọ́ aláìlera dá ìpè adínà lóhùn. Ẹ gbà pé nǹkan bíi máàkì 7 wà lọ́wọ́ ẹnìkejì yín, kí ẹ sì má ṣe pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fò sókè báyìí ní láti fi káàdì “Stop” hàn, kí ẹni tó kàn sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbẹ̀rù ni mo fi í bẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, alátakò pe dáyámọ́ńdì mẹ́ta. Mo ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, mo wo káàdì mi dáadáa, mo sì fi káàdì pupa tí í ṣe ti dọ́bù lélẹ̀. Ìyá ni yóò yàn. Èmi ti sọ tèmi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.