Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe áàpù, ta lẹ ń kun búlúù fún?

Ẹ̀yin ará wa ní Ifangni, Sakété, Pobè, Kétou àti Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìdí-Ìrókò lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta.

Àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń ṣe áàpù báyìí. Ti àjọ wà, ti ọjà títà wà, ti èdè Yorùbá náà wà. Ó dára, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán kékeré tí à ń tẹ̀ kí áàpù tó ṣí, èyí tí àwa tá a ka ìwé Faransé ń pè ní icône. Búlúù ni. Òmíràn dé, búlúù náà ni. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní búlúù ni àwọ̀ ìfọkàntán, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni Facebook ṣe é.

Ó dáa, kí ló dé tí Facebook fi jẹ́ búlúù? Mark Zuckerberg fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìwé ìròyìn The New Yorker ní 2010 pé ojú òun kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé dáadáa, búlúù ni òun ń rí jù. Ojú ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà lẹ wá sọ di òfin fún ìyá yín ní ọjà Daagbé!

Ìyá yín yìí gan-an ni mò ń wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó ní kíláàsì rí. Àwọ̀ ni lẹ́tà tiwọn. MTN MoMo ni èyí tó dà bí ìyeyè, WhatsApp ni aláwọ̀ ewé. Èyí tó bá ń ná ọjà òdìkejì tún ní OPay aláwọ̀ ewé àti PalmPay elésè àlùkò. Náírà àti sẹ́fà wà nínú fóònù kan ṣoṣo, àwọ̀ àti ibi tó wà lójú fóònù ló ń tọ́ ọwọ́ sọ́nà. Ẹ̀yin wá gbé áàpù àjọ tiyín dé, ó lọ jókòó láàárín Facebook, Telegram àti Truecaller, búlúù gbogbo wọn. Màmá wá a títí, kò rí i. Kí ló kù kó ṣe? Á na fóònù sí ọmọ ẹlòmíràn pé kó bá òun ṣí i, á sì pe kóòdù àṣírí fún un. Ibẹ̀ ni owó àjọ ti ń lọ, ẹ ò sì ní gbọ́ pé icône ló fà á.

Ẹ wo zémidjan. Ní Kùtọnu, ẹ̀wù ìyeyè ni wọ́n ń wọ̀. Ìlú mìíràn, àwọ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó lọ sílé ìwé kọ́ ọ, ojú ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Iṣẹ́ tí àwọ̀ wà fún nìyẹn. Google tó lówó, tó ní ọ̀mọ̀ràn rẹpẹtẹ, gbàgbé rẹ̀ ní October 2020: ó kun Gmail, Drive, Calendar àti Meet ní pupa, ìyeyè, ewé àti búlúù kan náà. Àwọn tó mọ̀wé ló pariwo pé àwọn ń ṣi wọ́n tẹ̀!

Àwọn kan ò kun búlúù, àsíá ni wọ́n ń kùn. Mo fẹ́ràn àsíá wa, inú mi dùn pé ó padà dé ní August 1990. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá ni àsíá, icône kò ju èékánná lọ. Ẹ lọ sínú ètò fóònù yín, ẹ pa gbogbo àwọ̀ kó dà bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́: pupa àti ewé àsíá wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú kan náà. Bó ṣe ń rí nìyẹn fún fóònù olówó pọ́ọ́kú nínú oòrùn ọ̀sán. Olùkọ́ ni mí, mo mọ̀ pé ẹfun funfun ń hàn lórí pátákó dúdú, ẹfun búlúù kì í hàn, bó ti wù kó lẹ́wà nínú páálí.

Ẹnì kan á tún sọ pé Yorùbá kò ní ju funfun, dúdú àti pupa lọ. Ìranù! Ta ló hun ẹtù, sányán àti àlàárì? Ta ló rẹ aró? Ohun tá a rí la fi ń pe àwọ̀, ìyẹn sì wúlò: ẹ lè pe màmá lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ tẹ èyí tó dà bí osùn." Ẹ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú búlúù mẹ́ta tó ń yọ́ wọnú ara wọn.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ mú osùn, kẹ́ ẹ fi àmì funfun kan ṣoṣo tó gbòòrò sí àárín rẹ̀. Kó má pọ́n yòò, YouTube ti gba ìyẹn. Tó bá jẹ́ búlúù dandan lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ aró tó jinlẹ̀, kí funfun rẹ̀ nípọn bíi ti àdìrẹ, àmọ́ á rì tí ẹ̀yìn fóònù bá dúdú.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sórí Play Store, ẹ gbé e wá sí ọjà Daagbé lọ́sàn-án gangan. Ẹ fi sáàárín ogún áàpù mìíràn, ẹ fún ìyá elépo àti ìyá onígàrí, ẹ sọ orúkọ àwọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Tí wọ́n bá ń wá a kiri, ẹ lọ tún un kùn.