Gómìnà Tó Fi Aṣọ Àwọ̀sùn Gba Àlejò



Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹ gbọ́ ti Huey Long, tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà ní 1928. Nígbà tirẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ètò àyẹ́sí kò jẹ́ nǹkan lójú rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1930, nígbà tí ọ̀dá owó ti ń mú ayé, ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Emden, gúnlẹ̀ sí New Orleans. Ọ̀gá ọkọ̀ náà àti aṣojú ìjọba Jámánì wọ aṣọ oyè, wọ́n lọ kí gómìnà ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí. Aṣọ àwọ̀sùn sẹ́dà aláwọ̀ ewé ni ó wọ̀ jáde sí wọn! Inú bí àwọn àlejò. Wọ́n ní ó tàbùkù orílẹ̀-èdè àwọn.

Ní ọjọ́ kejì, gómìnà yá kóòtù onírù àti ṣòkòtò tó yẹ, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà lọ tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin ará, ní àpèjẹ wa tó kọjá, àwọn kan nínú wa fi síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó níwájú àwọn àgbà ìlú tó gbà wá sílẹ̀. A kò tíì lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí a má ránṣẹ́, kí aṣọ wa sì mọ́.