Oúnjẹ Ọ̀sán Olówó Pọ́ọ́kú: Ta Ni Ó Ń San Ìyókù?

Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ìṣèlú ni à ń sọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ìdí ìkòkò ni ó wà, níbi tí òṣìṣẹ́ gbé ń jókòó ní agogo méjìlá ọ̀sán, tí ó ń fi owó kékeré ra oúnjẹ, tí ó ń jẹ ẹ́ tán kíákíá, tí ó sì ń padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ilé oúnjẹ kékeré tí a ti ń ta jiaozi ni ó sì kàn. A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀nà tí ìjọba àgbègbè kan gbà ran àwọn tálákà rẹ̀ lọ́wọ́, àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ náà kù sí, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ àti fún gbogbo ẹni tí ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní jiaozi. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n ń fi omi pò, tí wọ́n ń nà án títí yóò fi fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti lọ̀ sí i láàárín, tí wọ́n sì ń pa ẹnu rẹ̀ dé. Àwọn kan ń bọ̀ ọ́, àwọn mìíràn ń dín in. Àwọn ará Shaxian, tí wọ́n ń gbé ní àárín òkè ní àgbègbè Sanming, ìpínlẹ̀ Fujian, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, a máa ká a bí ewé igi tín-ín-rín, wọ́n a sì máa fi ooru omi sè é nínú agbọ̀n oparun, bí àwọn ìyá wa ti ń fi ooru se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ yóò tì í bọ omi ẹ̀wà sóyà, ọtí kíkan àti ata. Nínú ilé oúnjẹ kan náà ni a óò ti bá núdù tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ pò, omi ọbẹ̀ tí wọ́n sè nínú ìkòkò kéékèèké, àti bianrou, tí í ṣe àbúrò jiaozi, tí ó máa ń wà nínú omi ọbẹ̀. Wọn kì í gé ẹran inú bianrou. Igi ni wọ́n fi ń lù ú títí yóò fi kúnná bí iyán.

Ilé oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹwà kan tí à bá máa ròyìn. Yàrá kan ṣoṣo ni, tábìlì inú rẹ̀ kò pọ̀, ara ògiri ni wọ́n kọ iye owó oúnjẹ sí. Ọkọ a wà ní ìdí iná, ìyàwó a máa gba owó, a sì máa nu tábìlì. Awakọ̀, birikìlà, akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀wé kékeré ni ó ń wọlé. Wọn kì í jókòó pẹ́, kò sì sí ẹni tí ń bi wọ́n ní orúkọ baba wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ mọ́ àwọn ilé oúnjẹ yìí ni pé ẹni tí ó ní yuan 1 lè wọlé, ẹni tí ó ní yuan 2 yóò yó, ẹni tí ó sì ní yuan 5 yóò jẹun dáradára. Owó ọjà ti gòkè láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì bá òde òní mu mọ́. Síbẹ̀, orúkọ Shaxian ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣì ń wò ní ìlú ńlá bí ebi ọ̀sán bá ń pa á.

Báwo ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe ọgbọ́n ìṣòwò ni ó lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí jáde kúrò ní ilé, gbèsè ni. Àwọn àgbẹ̀ Shaxian ní irú èsúsú kan. Àwa mọ èsúsú tiwa: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ẹsẹẹsẹ ni wọ́n sì ń kó o. Tiwọn yàtọ̀ ní ọ̀nà kan: ẹni tí ó bá ṣe ìlérí èlé tí ó pọ̀ jù lọ ni ó máa ń kó owó náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èlé ti ga ju ohun tí oko lè san lọ. Àwọn tí ó ti kó owó kò rí i san padà, èsúsú náà sì fọ́. Ìdílé tí ó ti fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ sí i di aláìní ní ọ̀sán gangan. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò lè wo ojú aládùúgbò rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ará ìlú kékeré Xiamao, gbé ìkòkò àti igi ìlùran wọn, wọ́n sì gba ìlú òkèèrè lọ láti máa ta ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré. Ohun tí ó dàbí ìtìjú ni ó wá di ọ̀nà.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn náà ti kan ìjọba. Ìjọba àgbègbè Shaxian ìbá lè wí pé ìsáǹsá ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kí ó sì gbàgbé wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó sá lọ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ránṣẹ́ sí ilé, ó sì pinnu láti tẹ̀lé ẹsẹ̀ wọn. Ní ọdún 1997 ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn onílé oúnjẹ Shaxian sílẹ̀, tí ó sì ṣe àjọ̀dún oúnjẹ àgbègbè náà. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí, ó gbé ọ́fíìsì kan kalẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀ràn oúnjẹ kékeré yìí lọ. Wọ́n kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ náà, wọ́n ṣe ètò àyáwó fún un, wọ́n sì rán òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí àwọn ìlú ńlá láti ṣí ọ̀nà fún àwọn ará wọn. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Xi Jinping jẹ́ gómìnà Fujian, ó bẹ Shaxian wò ní ọdún 2000. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, nígbà tí ó ti di olórí gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà, ó padà lọ sí abúlé Yubang ní Xiamao láti wo ibi tí iṣẹ́ náà dé.

Ibi tí ó dé náà kò kéré. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ìjọba ibẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2021, ilé oúnjẹ tí ń jẹ́ orúkọ Shaxian tó 88,000, iye ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún sì ju bílíọ̀nù 50 yuan lọ. Ẹ rántí pé àgbègbè tí a ń wí yìí, àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 300,000, àti pé àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó jáde lọ ṣe iṣẹ́ náà ju 60,000 lọ. Kì í ṣe ọmọ Shaxian ni gbogbo ẹni tí ó kọ orúkọ náà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí orúkọ kò bá dára, ta ni yóò jí i lò? Ní ọdún 2021 yìí kan náà ni wọ́n kọ iṣẹ́ síse oúnjẹ Shaxian mọ́ àwọn ogún àṣà tí orílẹ̀-èdè náà ń dáàbò bò.

Bí a bá dúró síbẹ̀, ìtàn adùn ni a óò sọ, a kò sì ní sọ òtítọ́ tán. Àwọn àgbà wa ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Bí oníbàárà bá wá jẹ oúnjẹ tí ó dùn, tí kò sì san owó púpọ̀, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó san ìyókù.

Ẹni kìíní tí ó san án ni tọkọtaya tí ó ni ilé oúnjẹ náà. Èrè orí agbọ̀n jiaozi kan kéré. Bí wọn kò bá ta púpọ̀, wọn kò lè san owó ilé. Nítorí náà wọn a jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti pò ìyẹ̀fun, wọn a sì máa ta oúnjẹ títí alẹ́ yóò fi lẹ́. Bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ kan sí i, owó oṣù rẹ̀ yóò jẹ èrè wọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọkọ àti aya nìkan ni à ń bá nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí a bá ṣe ìṣirò wákàtí tí àwọn méjèèjì fi ń dúró, a óò rí i pé ara wọn ni wọ́n fi ń dín owó oúnjẹ kù.

Ẹni kejì ni ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ yìí ni a sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi etí sí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní hukou. Òun ni ó so olúkúlùkù mọ́ ìlú rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí òbí rẹ̀ ń ta jiaozi ní Beijing tàbí Shanghai kì í rí ààyè ní ilé ìwé ìjọba níbẹ̀ bí ọmọ onílùú ti ń rí i. Bí ó bá sì tó àkókò ìdánwò tí a fi ń wọ yunifásítì, ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà ni yóò ti ṣe é. Àwọn ìlú kéékèèké ti dẹ òfin náà, ṣùgbọ́n àwọn ìlú tí ó tóbi jù lọ kò tíì dẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà ní abúlé. Àwọn òbí ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ sí ìlú wọn, ọmọ sì ń dàgbà láìrí wọn ju ìgbà ọdún tuntun lọ. Ọmọ tí a kò kọ́, òun ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí ni èrè ilé náà nígbà náà?

Ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìlú ńlá Ṣáínà kì í rìn lọ sí ilé oúnjẹ mọ́. Orí ẹ̀rọ alágbèéká ni wọ́n ti ń pè é, ọmọkùnrin kan a sì gbé e wá lórí alùpùpù. Meituan àti Ele.me ni ó ti mú òwò yìí lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 2025, JD náà wọ inú rẹ̀, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n ń dín owó oúnjẹ kù láti fa oníbàárà mọ́ra, títí oúnjẹ mìíràn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí nìkan ni owó náà ti ń jáde. Wọ́n ń mú nínú rẹ̀ láti ọwọ́ onílé oúnjẹ pẹ̀lú, lẹ́yìn ìdá tí wọ́n ti ń gbà lórí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Bí onílé oúnjẹ bá kọ̀, a kò ní rí orúkọ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá gbà, èrè rẹ̀ tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ yóò tán. Nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń fara gbá a. Ìjọba Ṣáínà pe àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù Karùn-ún, ó sì tún pè wọ́n ní oṣù Keje ọdún 2025, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìwà tútù dije.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ọjà ni ó ń pinnu. Ẹni tí kò bá lè tà á ní owó tí oníbàárà fẹ́, kí ó palẹ̀ mọ́. Àwa kò gba èyí. Ọjà nìkan kọ́ ni ó gbé Shaxian dé ibi tí ó wà. Ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ iṣẹ́, àyáwó àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ran ènìyàn lọ́wọ́ láti gun igi kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tí ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí mì. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gba ti àwọn tí yóò wí pé kí ìjọba máa se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ni ó mọ jiaozi. Wọ́n ti gbé ìkòkò wọn kí ìjọba tó mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn náà yọrí sí rere ni pé olúkúlùkù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, èrò wa ni pé iṣẹ́ ìjọba náà kò tíì parí. Kíkọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ àti yíyá a ní owó jẹ́ ìdajì kan. Ìdajì kejì ni kí ọmọ rẹ̀ rí ilé ìwé ní ìlú tí òbí rẹ̀ ti ń bọ́ àwọn ẹlòmíràn, kí òfin sì dúró láàárín rẹ̀ àti alágbára tí ń fi èrè rẹ̀ ṣe ìpolówó ara rẹ̀. Pípe alágbára wá kí a bá a wí kò tó; kí òfin fi ìwọ̀n sí iye tí ó lè mú lọ́wọ́ aláìlágbára.

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú, ìdí tí a fi sọ gbogbo èyí kò fara sin. Bí ẹnì kan bá wá bá yín pẹ̀lú ìlérí ilé-iṣẹ́ ńlá àti òpópónà gbọọrọ, ẹ má ṣe kọ̀ láti gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí ó ní ìkòkò kan ṣoṣo, kí ẹ sì tún bi í léèrè ibi tí ọmọ onítọ̀hún yóò ti kàwé. Bí kò bá rí ìdáhùn sí méjèèjì, kì í ṣe àǹfààní àwọn tálákà ni ó bá wá.