Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Ìwádìí Yunifásítì Àti Ọmọ Ilé-Kéú

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi wá nígbà tí ọmọ wọn bá ń parí Thanawi. Wọn a ní, "Alfa, ṣé ọmọ yìí lè lọ sí yunifásítì báyìí?" Bí a bá ní ó lè lọ, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Kí ni yóò lọ ṣe níbẹ̀?" Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà ní yunifásítì: dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà. Ọmọ tí kò bá rí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí wọ̀, wọn a ní ńṣe ló ń fi ọdún ṣòfò. Àwọn mìíràn sì gbà pé ọmọ kéú kò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀ rárá, àfi bí ó bá fẹ́ ka èdè Lárúbáwá. Èrò méjèèjì yìí ni a fẹ́ dáhùn, nítorí pé orí wọn ni àwọn òbí ń gùn nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ọ̀la ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ìpinnu náà kò ṣeé yí padà bọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá mọ ọjà Mile 12 wa dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kò ní rú u lójú. Ìsọ̀ tòmátì wà lọ́tọ̀, ti alùbọ́sà wà lọ́tọ̀, ti iṣu àti ti ata náà wà láyè wọn. Ohun tí oníṣu mọ̀ nípa iṣu, alálùbọ́sà kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ inú ilé ìdáná kan náà ni ọjà gbogbo wọn ń bọ́ sí. Bí yunifásítì ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, ẹ̀ka ńlá mẹ́ta ló ní: ti ìṣègùn, ti òfin, àti ti ìṣòwò pẹ̀lú ìmọ̀ àwùjọ. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi fi ẹ̀ka èdè àti ìtàn, ti ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti sáyẹ́ǹsì kún un. Àwọn tó dá a sílẹ̀ rí i kíákíá pé ọ̀nà kan kò wọjà.

Kí wá ni ìwádìí? Kíkọ́ ohun tí àwọn tó ṣáájú ti mọ̀ yàtọ̀ sí wíwá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ọmọ tó há Àlùkùránì sórí ti gba ohun tó wà nílẹ̀, ó sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n Imam al-Bukhari, tó papòdà ní ọdún 870, kò jókòó sójú kan. Ó rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń wádìí ẹni tó gba hádíìsì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kejì, bóyá wọ́n pàdé ara wọn lóòótọ́, àti bóyá olóòótọ́ ni wọ́n. Ohun tí kò dá a lójú, kò kó o wọ ìwé rẹ̀. Ìwádìí nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọ kéú pé nǹkan àjèjì ni wọ́n ń ṣe ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí a mú gàrí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ní àwọn ọdún 1960, Dókítà Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn náà, ń rí àwọn aláìsàn kan tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Kò dúró sí ilé ìwòsàn nìkan. Ó lọ bá àwọn ènìyàn ní ìlú wọn, títí kan Ọ̀sọsà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Ohun tí ìwádìí náà tọ́ka sí ni oúnjẹ pákí láàárọ̀, pákí lọ́sàn-án, pákí lálẹ́, láìsí ẹran tàbí ẹja tó tó nínú rẹ̀, tí májèlé inú pákí náà kò sì tíì jáde tán. Dókítà nìkan kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹni tó mọ kẹ́mísìrì ni yóò wọn májèlé inú ẹ̀jẹ̀ àti inú oúnjẹ. Ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ ni yóò wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ pákí, bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni yóò wá irúgbìn tí májèlé rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ pákí kò parí síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ba oko pákí jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti IITA tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967 lọ wá ọ̀tá kòkòrò náà láti ìlú tó ti wá. Agbọ́n kan ni, tín-ín-tín báyìí, tí kì í ta ènìyàn. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀ sínú oko, ó sì ṣẹ́gun kòkòrò náà. Ọ̀gbẹ́ni Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé, World Food Prize, ní ọdún 1995. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá bá yín lónìí pé òun fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ nípa kòkòrò, kí ni ẹ ó sọ? Ẹ rántí pé ẹni tó jókòó tí agbọ́n yìí ló gba gàrí là.

Ní ọdún 2016, àwọn tó ń ná ọjà Mile 12 rí irú rẹ̀. Kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Kàdúná àti àyíká rẹ̀, ó jẹ ẹ́ run, owó tòmátì sì fò sókè lọ́hùn-ún. Àwọn ìyá wa tó ń tajà mọ̀ pé tòmátì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ìmọ̀ kòkòrò nìkan ló lè sọ ohun tó dé. Bákan náà ni ti omíyalé. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn, Odò Ògùn sì ń gba ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa lọ sínú ọ̀sà. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti Àgílítì ni yóò gbé pẹrẹsẹ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ jáde kúrò nílé. Ẹnjiníà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan ẹni tó ń ka ìṣesí òjò, ẹni tó mọ bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ sí, ẹni tó mọ àrùn tí omi ẹlẹ́gbin ń fà, àti amòfin tó lè sọ ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ fi dù ú.

Bí a bá ti gbà pé kòkòrò àti omi yẹ fún ìwádìí, kí ni ká sọ nípa èdè, ìtàn àti ẹ̀sìn, tí àwọn kan ń pè ní ìmọ̀ tí kò pawó? Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Èkó, mùsùlùmí bíi tiwa, ló bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ìmọ̀ wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1990 sí 1992. Ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ló bí iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn.

Ibi tí ọmọ kéú ti ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní ni ti ìtàn. Ní ọdún 1964, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Hunwick, òyìnbó ni, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fún àkójọ àwọn ìwé tí àwọn alfa ayé àtijọ́ fi ọwọ́ kọ ní èdè Lárúbáwá. Ní ọdún 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n T. G. O. Gbadamosi ti Yunifásítì Èkó gbé ìwé jáde lórí bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe gbilẹ̀ láàárín Yorùbá láti ọdún 1841 sí 1908. Sheikh Adam al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tó sì gbé e wá sí Agége ní ọdún 1955, kọ ìtàn Ìsìláàmù ní ilẹ̀ yìí ní èdè Lárúbáwá. Síbẹ̀, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò ṣì wà nínú àpótí àwọn ìdílé alfa. Òmíràn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ikán ń jẹ ẹ́, òjò ń pa á. Onímọ̀ ìtàn tí kò gbọ́ Lárúbáwá kò lè kà á, alfa tó lè kà á kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí. Ẹni tó bá ní méjèèjì ni ìwé náà ń dúró dè. Ta ni ó sún mọ́ ọn ju ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ?

Àwọn kan yóò ní ìmọ̀ ẹ̀sìn ti tó. Ẹ jẹ́ kí Imam al-Ghazali, tó papòdà ní ọdún 1111, dá wọn lóhùn. Nínú ìwé Ihya, ó ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ìṣirò mọ́ farḍ kifāya, ìyẹn ojúṣe tí àwọn kan bá ti ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ló jẹ̀bi. Ó ka iṣẹ́ àgbẹ̀, aṣọ híhun àti iṣẹ́ télọ̀ mọ́ ọn. Ó sì ráhùn pé àwọn ìlú kan wà tí kò sí dókítà mùsùlùmí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ sídìí fíkíì. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí al-Khwarizmi kọ ìwé ìṣirò tí ayé fi mọ al-jabr, ìpín ogún ló sì gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń pín ogún láìmọ ìṣirò yóò fi ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn dù ú.

A mọ ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù. Wọ́n ní olùkọ́ yunifásítì ń da iṣẹ́ sílẹ̀, òtítọ́ ni: ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Wọ́n ní ìwádìí ń kú sórí pẹpẹ ìwé, òtítọ́ ni pẹ̀lú, owó tí ìjọba ń ná lé e kò tó nǹkan. Àmọ́ ọjà tí kò tà lónìí kò sọ pé kí a sun ìsọ̀ níná. Wọ́n tún ní ọmọ yóò ba ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́. Láti ọdún 1954 ni ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí, MSSN, ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Dókítà Lateef Adegbite ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di akọ̀wé àgbà ìgbìmọ̀ gíga fún ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, ipò tó wà títí ó fi papòdà ní ọdún 2012. Ìmọ̀ òfin kò gba ìmọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí a bá fi lélẹ̀ nílé ni yóò dá ọmọ dúró.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sílẹ̀ nítorí ó ń ṣe Idadi, torí láìsí kírẹ́díìtì márùn-ún, ẹnu ọ̀nà kò ní ṣí fún un. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọbìnrin náà lọ. Ẹ bi ọmọ léèrè ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wádìí, kí ẹ tó sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi yangàn. Ẹ̀yin jámọ́ọ̀, màlúù tí a ń pa ní wòlímọ̀ dára, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìdajì owó rẹ̀ san owó ìdánwò ọmọ aláìní kan lọ́dọọdún, kò sí ọdún tí a kò ní rí ẹni ránṣẹ́. Ẹ̀yin ìdílé alfa, ẹ má sun ìwé bàbá yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ya àwòrán rẹ̀, kí ojúlówó rẹ̀ dúró sọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń jáde lọ́dún yìí, ọ̀nà pọ̀ níwájú yín. Èyí tí ẹ bá mú nínú wọn, ẹ rìn ín dé ìdí, kí ẹ má sì rẹ́rìn-ín ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn, nítorí kò sí ẹni tó mọ èyí tí yóò gba ìlú là lọ́la. Ọlọ́hun yóò fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní. Āmīn.